Alága Tó Fi Òòlù Bá Iye Búrẹ́dì Jà

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má fo ìlà kan, ẹ ka ìtàn yìí dé òpin. Ẹ̀rín á kọ́kọ́ pa yín.

1.
Alága àdúgbò kan wà, Mo-pàṣẹ ni wọ́n ń pè é. Ó gbà pé òfin ọjà, ẹnu èèyàn ló dá a, ẹnu tòun náà sì lè tú u. Nígbà tí búrẹ́dì wọ́n, ó mú kóńdó, ó já lu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń yan búrẹ́dì fún gbogbo àdúgbò.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ dá a padà sí iye àná."

"Àbúrò mi, fúláwà wọ́n, igi ìdáná wọ́n. Èmi kọ́ ni mo gbé e sókè."

"Ta wá ni? Òjò?"

"Ó jọ òjò. Wọn kì í na òjò kó tó dá."

Ó fi kóńdó gbá a lẹ́nu. Eyín méjì balẹ̀. Ẹ̀gbọ́n nu ẹ̀jẹ̀, ó ní òun ti gbọ́.

2.
Iye wálẹ̀ lóòótọ́, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Àmọ́ búrẹ́dì ń rù, ó di ìwọ̀n ọṣẹ. Mo-pàṣẹ tún pàṣẹ bó ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó. Nígbà tó yá, owó fúláwà kò jáde mọ́, ẹ̀gbọ́n ò dáná mọ́. Kí ni kó yan, ẹ̀yin èèyàn mi, àṣẹ?

Àwọn tó pàtẹ́wọ́ wá ń la igi mọ́ra wọn lórí nítorí èérún. Ìyàwó Mo-pàṣẹ ní, "Baba àwọn ọmọ, ebi ń pa wọ́n. Ṣé kí n se kóńdó yẹn?"

3.
Ni Mo-pàṣẹ bá gbé òòlù lọ síbi tí ẹ̀gbọ́n ti ń yan búrẹ́dì, ó ní ẹ̀gbọ́n òun ń kó búrẹ́dì pamọ́. Kò mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n ti ta bẹ́ẹ̀dì ara rẹ̀ fi ra fúláwà. Ààrò ń jó lọ́wọ́.

"Má fọ́ ọ. Tàwọn ọmọ ẹ ló wà nínú ẹ̀."

"Irọ́ lẹ ń pa."

Ó fi òòlù lu ààrò náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ààrò wó, bíríkì gbígbóná bo ẹsẹ̀ Mo-pàṣẹ méjèèjì. Ọwọ́ lásán ni ẹ̀gbọ́n fi fà á yọ, awọ ọwọ́ náà sì bó kúrò. Àwọn aládùúgbò ṣa búrẹ́dì láàárín eérú àti ẹ̀jẹ̀, wọ́n gbọ̀n ọ́n, wọ́n jẹ ẹ́.

Lónìí, kò sí ààrò ní àdúgbò náà. Mo-pàṣẹ ń fi ìdí wọ́ lọ ra búrẹ́dì ní òpópónà kejì. Iye tí wọ́n bá pè ló ń san.

Ẹ pín in kiri, ẹ̀yin ọmọ mi. Òótọ́ ni, ẹnu èèyàn ló ń pe iye, àmọ́ ẹnu kì í bí fúláwà. Ẹ wádìí ohun tó fa ọ̀wọ́n kẹ́ ẹ tó gbé igi. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.