Òkúta Abẹ́ Táyà

Mẹkáníìkì kan wà tí kò lè fara balẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ dópin. Àléébù tó ní nìyẹn. Kì í mutí, kì í jalè, kì í sì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá la ẹnu níwájú rẹ̀, kí onítọ̀hún tó dé gbólóhùn kejì, yóò ti dá a lóhùn pé, "Mo ti mọ̀." Ọ̀rọ̀ náà wá di orúkọ mọ́ ọn lára. Mo-ti-mọ̀ ni gbogbo awakọ̀ ń pè é.

Ọkọ̀ akẹ́rù ló ń tún ṣe, ó sì mọ iṣẹ́ náà dunjú. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ní òfin kan. Bí ọkọ̀ kan bá kọ̀ tí kò jí, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án títí awakọ̀ yóò fi jókòó sórí ògbólógbòó táyà kan tó wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, tí yóò sì ròyìn ọkọ̀ náà láti ìgbà tó ti pa á kẹ́yìn. Bàbá náà a máa sọ pé, "Ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀." Nígbà tí ọ̀gá kú tí ṣọ́ọ̀bù di ti Mo-ti-mọ̀, ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó yí táyà náà kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní ó ń gba àyè.

Iṣẹ́ ń wọlé fún un. Etí rẹ̀ ń gbọ́ ti ẹ̀ńjìnnì dáadáa, tènìyàn ni kì í gbọ́. Nígbà kan, ó tú pọ́ǹpù ọkọ̀ kan palẹ̀ láàárọ̀, ó tò ó padà nírọ̀lẹ́, ọkọ̀ kò jí. Àṣé tánkì ló gbẹ. Géèjì tó ń fi ìwọ̀n epo hàn ti bàjẹ́, ohun tí awakọ̀ sì fẹ́ sọ láti àárọ̀ nìyẹn. Wẹ́dà tó ń jó irin ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Mo-ti-mọ̀, ṣé o mọ èyí náà?"

"Mo ti mọ̀ tipẹ́. Mo kàn ń bá a fọ pọ́ǹpù ni."

Ìròyìn náà délé kí òun fúnra rẹ̀ tó dé. Ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ó ní, "Bàbá ọmọ mi, abẹ́ irin lẹ ti ń jẹun. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ yín nìkan la gbójú lé nílé yìí. Ẹ máa jẹ́ káwọn èèyàn sọ̀rọ̀ tán."

"Mo ti mọ̀."

Ó ku ohun kan tí obìnrin náà fẹ́ sọ, pé oúnjẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná ni. Ó padà sídìí ààrò. Ọkọ rẹ̀ bù ú sẹ́nu, ó jó o láhọ́n. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná, ṣùgbọ́n ahọ́n jíjó kò tó láti kọ́ ẹni tó ti mọ̀ lọ́gbọ́n.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, bàbá àgbàlagbà kan tó jẹ́ awakọ̀ fẹsẹ̀ rìn wọ ṣọ́ọ̀bù. Ọkọ̀ rẹ̀ wà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀nà tó dojú kọ ṣọ́ọ̀bù náà. Ó dúró ra omi níbẹ̀ ni, nígbà tó padà dé, ọkọ̀ kò jí mọ́.

"Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo yí kọ́kọ́rọ́ títí, kò tiẹ̀ dún kẹ́. Tòmátì ni mo sì kó, oòrùn yìí ò ní ṣàánú ẹ̀."

"Mo ti mọ̀. Wáyà sítátà ló já."

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ bí mo ṣe gbé e dúró, torí bíréèkì ọwọ́ rẹ̀..."

"Bàbá, sítátà ni mo pè, bíréèkì lẹ̀ ń dáhùn. Ẹ lọ jókòó síbòji."

Wẹ́dà gbójú sókè. "Ọ̀rẹ́, jẹ́ kí bàbá sọ ọ́ tán. Tòmátì ò lẹ́sẹ̀ tó máa fi sá lọ."

"Ìwọ máa jó irin rẹ."

Gbólóhùn kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu bàbá náà. Ó fẹ́ sọ pé bíréèkì ọwọ́ kò dì mọ́, pé inú jíà kìíní ni òun fi ọkọ̀ náà sí, òun sì ki òkúta mọ́ táyà ẹ̀yìn. Ó lọ jókòó síbòji.

Mo-ti-mọ̀ tẹ́ páálí sílẹ̀, ó wọ abẹ́ ọkọ̀. Wáyà sítátà ló já lóòótọ́. Inú rẹ̀ dùn. Ó na ẹsẹ̀ sẹ́yìn, òkúta ń gún un ní gìgísẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ tì í dànù. Ẹni tó bá fẹ́ fi sípánà jí ọkọ̀ láti ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gòkè lọ mi ọ̀pá jíà wò, torí ọkọ̀ tó bá wà nínú jíà yóò gbéra bó bá ti jí. Kò lọ. Ó gbé sípánà lé orí nọ́ọ̀tì méjèèjì tó wà lára sítátà, iná ṣẹ́ yọ, ẹ̀ńjìnnì sì jí.

Àṣejù ni baba àṣetẹ́. Ọkọ̀ náà gbéra. Bàbá awakọ̀ ké, "Inú jíà ló wà o!" Gbólóhùn náà jáde wàyí, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Táyà ẹ̀yìn gun ẹsẹ̀ ọ̀tún Mo-ti-mọ̀, ọkọ̀ náà sọ̀ kalẹ̀, ó forí sọ ògiri ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ sì kú síbẹ̀. Tòmátì ń yí gbirigbiri lójú ọ̀nà. Wẹ́dà ló gbé ọ̀rẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà dúró lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ó ṣàlàyé ìdí tí àwọn fi ní láti gé ẹsẹ̀ náà láti orúnkún. Ọ̀rọ̀ náà gùn. Mo-ti-mọ̀ gbọ́ ọ dópin. Kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Ẹlòmíràn ló ń wọ abẹ́ ọkọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù yẹn báyìí. Wọ́n ti yí ògbólógbòó táyà náà padà sẹ́nu ọ̀nà, orí rẹ̀ ni Mo-ti-mọ̀ ń jókòó sí láti àárọ̀ dalẹ́, pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Bí awakọ̀ bá dé, tó ní, "Ẹ jẹ́ n sọ bí ọkọ̀ mi ṣe ṣe," èsì kan náà ló máa ń gbọ́: "Máa sọ. Mò ń gbọ́."

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ kíyè sí i pé ọkùnrin yìí kò ṣì í lọ́jọ́ náà. Ó ní wáyà ló já, wáyà náà ló já. Ìmọ̀ rẹ̀ kọ́ ló pa á lára, ọ̀rọ̀ tí kò jẹ́ kó dé etí òun ni. Ohun tí a mọ̀ lè pé méje, kí ìkẹjọ tó kù lẹ́nu ẹlòmíràn jẹ́ èyí tí yóò gbà wá là. Nítorí náà, bó ti wù kí iṣẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́ tó, ẹ jẹ́ ká dúró gbọ́ ọ tán. Abèèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ẹni tó bèèrè tí kò dúró gba èsì, òun àti ẹni tí kò bèèrè, ọgbọọgba ni wọ́n.