Oògùn Tẹ́ní Nínú Ìsinmi

Ọjọ́ tí ilé ìwé gba ìsinmi ni nọ́ọ̀sì kan ti oògùn ọpọlọ tí dókítà fún Tẹ́ní ọmọ rẹ̀ mọ́nú àpótí.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin ìsinmi náà, bí nọ́ọ̀sì náà ṣe ń wọ bàtà láti lọ síbi iṣẹ́ ní ilé àwọn arúgbó ní Largo, ní Amẹ́ríkà, Tẹ́ní wọ kóòtù òtútù jáde nínú ooru.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní oògùn mi."

"Ìwé wo lo fẹ́ kà báyìí? Jẹ́ kí ọpọlọ ẹ náà sinmi."

"Oògùn ìwé kọ́, Mọ́mì. Mi ò tíì sùn láti Sátidé."

"Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ń lo oògùn bí arúgbó! Bọ́ kóòtù yẹn jàre."

"Àwọn ará òkè ní kí n má bọ́ ọ."

Ọwọ́ nọ́ọ̀sì náà dúró lára ilẹ̀kùn. Láti oṣù karùn-ún, kò sẹ́ni tó ń gbé nínú ilé tó wà lókè tiwọn.

Ó sáré ṣí àpótí, ó sì na oògùn àti omi sí i.

Tẹ́ní fà sẹ́yìn. "Wọ́n ní ẹ ti pààrọ̀ ẹ̀."

Títí dòní, arúgbó méjìlá ló ń gba oògùn lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì náà láràárọ̀. Ọmọ rẹ̀ kò gbà á mọ́.