Ohùn Tó Kún Inú Kọ̀ǹpútà

Àbúrò ọkọ opó kan dé ilé rẹ̀ ní ọ̀sán, ó gbé háàdì dísìkì tuntun dání nínú páálí. Iṣẹ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà ló ń ṣe. Opó náà ṣílẹ̀kùn fún un, ó sì mú un wọ yàrá tí ọkọ rẹ̀ kú sí. Ibùsùn ṣì wà níbẹ̀, wọ́n ti ká aṣọ orí rẹ̀ kúrò. Kọ̀ǹpútà wà lórí tábìlì ní ìsàlẹ̀ ibùsùn, kámẹ́rà kékeré kan sì wà lókè rẹ̀.

"Ìyàwó wa, kí lẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà fún?"

"Ẹ̀rù ló ń bà mí, Akọ̀wé mi." Orúkọ tó sọ ọ́ nìyẹn láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ. "Tí nǹkan inú ẹ̀ bá lọ ńkọ́? Ṣé kì í ṣe ká kúkú fi sílẹ̀ bó ṣe wà?"

"Kò ní lọ. Ìyá ò jẹ́ kí n gbádùn mọ́ lórí fídíò tó gbẹ̀yìn."

Nígbà àìsàn, àràárọ̀ ni ọkọ rẹ̀ máa ń tan kámẹ́rà náà, tí yóò bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, torí ẹsẹ̀ kò jẹ́ kí ìyá lè wá. Àbúrò rẹ̀ ló máa ń wá gbé fídíò náà lọ fún un. Àwọn ọkùnrin méjèèjì nìkan ló mọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń ṣí ẹ̀rọ náà.

"Mo gbìyànjú títí láti ṣí i," ni opó náà wí. "Kò gbà fún mi."

"Ẹ ò ṣe pè mí?"

"Mo kàn fẹ́ gbọ́ ohùn ẹ̀ ni."

Ọkùnrin náà tan ẹ̀rọ, ó sì gbé imú sún mọ́ ọn bí ẹni tó fẹ́ gbóòórùn rẹ̀.

"Ìgò ojú yín dà?"

"Ọmọ mi jókòó lé e lánàá. Ìdí ẹ̀ ló ń bá mi ríran báyìí." Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín. "Àbí kí n padà wá tí mo bá ra òmíràn?"

"Rárá, ẹ jẹ́ ká ṣe é lónìí. Mo lè kà á fún yín."

Ó fa àga sún mọ́ tábìlì, ó sì ka ohun tó wà lójú ẹ̀rọ fún un.

"Ó ti yé mi," ni ọkùnrin náà wí. "Fídíò ọjọ́ tó kú ló gba gbogbo ààyè tó kù. Kò sẹ́ni tó pa kámẹ́rà, ó ń gbà á lọ títí háàdì fi kún. Kò lè ṣí báyìí. Tá a bá dà á sórí tuntun, á ṣí, a ó sì gbọ́ ohun tó sọ gbẹ̀yìn."

Ó so háàdì tuntun mọ́ ẹ̀rọ.

"Orúkọ háàdì méjì ló máa jáde. Ti òkè la máa dà sórí ti ìsàlẹ̀. Ti ìsàlẹ̀, ó máa kọ́kọ́ nu gbogbo inú ẹ̀ kó tó gbà á. Ẹ fara balẹ̀ o. Èwo ló wà lókè?"

"Ti àtijọ́."

"Ìsàlẹ̀ ńkọ́?"

"Tuntun."

"Ó dá yín lójú?"

Opó náà fi etí aṣọ nu ojú rẹ̀, ó tẹ̀ síwájú, ó tún un kà. "Ti àtijọ́ ló wà lókè."

Ọkùnrin náà tẹ̀ ẹ́. Ó pẹ́ kó tó parí. Opó náà dìde dúró, ó di irin ibùsùn mú.

"Ó ti tán. Kí lẹ rí?"

"N kò rí nǹkan kan."

"Ẹ wo ti àtijọ́."

"Òun náà ṣófo."

Ọkùnrin náà wólẹ̀. "Mo ti pa ẹ̀gbọ́n mi lẹ́ẹ̀kejì! Ọwọ́ mi ló yẹ̀. Kí ni mo fẹ́ sọ fún Ìyá?"

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, Akọ̀wé mi. Àmúwá Ọlọ́run ni."

"Ẹ̀yin tí ọkọ yín kú lẹ tún ń rẹ̀ mí lẹ́kún!"

Opó náà sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, ó sì bẹ̀ ẹ́ kó má bínú sí ara rẹ̀.

Nígbà tó lọ tán, opó náà padà jókòó sórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, níbi tó jókòó sí ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, tó ń wo ọkọ rẹ̀ bó ti ń nawọ́ sí oògùn tí òun gbé jìnnà sí i, títí ọwọ́ náà fi wálẹ̀, kó tó gbójú sókè rí i pé iná kámẹ́rà ṣì ń tàn.