Oríkì Tí Ẹ̀rọ Ìsáré Kì fún Àwẹ̀ró

Ọyẹ́ tí irú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí ti mú omi dì nínú àgbá ní Ìsẹ́yìn, nítorí òtútù náà, òfin ò gba ẹnikẹ́ni láyè láti sáré níta títí òjò yóò fi rọ̀. Nínú jíìmù, ilé ìdárayá ìlú, ni Àwẹ̀ró wà, lórí ẹ̀rọ ìsáré tó máa ń ki asáré ní oríkì bó bá rẹ̀ ẹ́. Bó bá sá dé àmì tí olùkọ́ eré ìje fi lé e lónìí, òun ni yóò ṣojú ìlú nínú ìdíje.

Ó ku díẹ̀ kó débẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í kì í: "Ọmọ ọdẹ, ọmọ afigbó-ṣelé..."

Ìyá ọkọ rẹ̀, tó bá a wá wòran, fò dìde. "Háà! Oríkì ilé wa ló ń kì yẹn! Ta ní ń fi oríkì ilé ọkọ ki ìyàwó?"

"Màmá, orúkọ ọkọ rẹ̀ la fi sínú ẹ̀rọ," olùkọ́ dáhùn.

"Ẹ pa á lẹ́nu mọ́! Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ilé baba rẹ̀ sì ni tirẹ̀." Ìyá gbóhùn sókè: "Àwẹ̀ró, ọmọ alágbẹ̀dẹ! Ọmọ iná-ò-gbọdọ̀-kú-lárọ̀! Baba rẹ gbá irin, irin gbọ́; fẹsẹ̀ gbá ilẹ̀, kílẹ̀ ó gbọ́! Ẹlẹ́dàá rẹ ò ní sùn!"

Orí Àwẹ̀ró wú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fúyẹ́ bí òwú. Jíìmù pariwo gèè bó ti kọjá àmì.

"Olúwa ṣeun! Ó tó, ìyàwó mi, sọ̀ kalẹ̀!" ni Ìyá wí.

"Ẹ má tíì dákẹ́, Màmá," Àwẹ̀ró ké tẹ̀ríntẹ̀rín, eré ò dúró, "ẹ máa kì mí lọ!"