Gbọ̀ngàn Onígbá àti Orúnkún Àìná

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ mi. Ní ìlú Òkè-Àràbà, gbọ̀ngàn ńlá kan wà tí òrùlé rẹ̀ rí bí igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Kò sí òpó kankan láàárín rẹ̀, ògiri rẹ̀ sì yí po bí ẹnu igbá. Gbọ̀ngàn Onígbá ni gbogbo ìlú ń pè é. Lónìí wọ́n lè so yìgì níbẹ̀, lọ́la kí àwọn nọ́ọ̀sì máa gún àwọn ọmọ ọwọ́ lábẹ́rẹ́. Bí ìbò bá dé, ibẹ̀ náà ni.

Àìná ló ń tọ́jú ibẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ilẹ̀ tó bá fọ̀ a máa dán bíi dígí. Àmọ́ ó ní àbùkù kan: bí èèyàn bá ṣe múra wá ló ṣe ń kí i. Ẹni tó bá wọ kóòtù, á kúnlẹ̀ fún un gbì. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn wá, á kàn tẹ orúnkún díẹ̀ bí ẹni tí ẹ̀gún gún, á ti dìde. Ilé oúnjẹ tó ti ń fọ abọ́ tẹ́lẹ̀ ti kógbá sílé, iṣẹ́ yìí nìkan ló kù fún un. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n ní kó fi dán an wò, lẹ́yìn náà ni ìgbìmọ̀ ìlú yóò sọ bóyá yóò dúró.

Nígbà tó ku ọ̀la kí oṣù mẹ́ta náà pé, ní àárọ̀, àwọn ìyá arúgbó méjìlá wá ṣe eré ìdárayá. Màmá Ọlátóóyè, tó wà nínú ìgbìmọ̀ ìlú, ni olórí wọn.

"Ẹ gbẹ́sẹ̀ sókè! Sàfúrátù, ẹsẹ̀ ni mo ní, mi ò ní kí o gbẹ́nu sókè!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tí wọ́n jókòó sinmi, Àìná rí erùpẹ̀ lórí ilẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ. Ó kọjú sí ògiri, ó rọra kùn: "Orúnkún tó ń dún bí ilẹ̀kùn àlòkù! Ṣé irú àwọn wọ̀nyí náà ló yẹ ká ṣílẹ̀kùn fún?"

Ó mọ̀ pé ògiri létí. Ohun tí kò mọ̀ ni pé ògiri onígbá tún lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ náà gba ara ògiri yípo, ó bọ́ sétí Màmá Ọlátóóyè tó fẹ̀yìn ti ògiri lódìkejì lọ́hùn-ún. Kò pẹ́, Àìná gbọ́ ohùn jẹ́ẹ́ kan létí ara rẹ̀:

"Àìná, orúnkún yìí ló gun àkàbà. Àwa la forí ru kọnkéré lọ sókè níbí, nígbà tí ìyá rẹ ṣì lóyún rẹ."

Àìná mọ̀ pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ òun.

Lọ́jọ́ kejì, alága ìgbìmọ̀ bèèrè pé, "Màmá, kí lẹ rí sí ọ̀rọ̀ ọmọ yìí?"

Màmá ní kí Àìná lọ dúró sídìí ògiri. Òun náà lọ sídìí ògiri lódìkejì, ó fẹnu sún mọ́ ọn, ó sọ ohun tí ẹnikẹ́ni láàárín gbọ̀ngàn kò gbọ́: "Ṣé orúnkún wa ṣì ń dún?"

Àìná fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ lásán. "Ẹ forí jì mí, Màmá. Tèmi ni kò mọ ìkúnlẹ̀."

Àwọn ìgbìmọ̀ ń wojú ara wọn. Màmá wá gbóhùn sókè: "Ẹ fún un ní kọ́kọ́rọ́. Ó ti gbédè ilé náà."

Láti ọjọ́ yẹn, Àìná ló ń tẹ́ ẹní sílẹ̀ de àwọn ìyá arúgbó. Bí orúnkún kan bá dún, á ní, "Ẹ kú iṣẹ́, mà!" gbogbo wọn á sì bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má ṣe fojú tín-ínrín ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ẹ ń wò bí aláìwúlò lè ti ru òrùlé tó ń bò yín lórí. Ẹ sì ṣọ́ ẹnu yín. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹni tó bá jù ú sílẹ̀ ni yóò kúnlẹ̀ nu ilẹ̀.