Izal Nínú Abọ́ Ìṣínu

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gba èèyàn síṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ kà á tán. Ìparí ẹ̀ ló korò jù.

Ìkúnayọ̀ ni obìnrin náà ń jẹ́, ọmọ Ìlàjẹ tí wọ́n bí sí etí odò ní Warri. Òun àti ọkọ ẹ̀, Zachariah, ni wọ́n jọ kọ́ òtẹ́ẹ̀lì kan sí Edjeba ní Warri kan náà, oníyàrá ogún, orúkọ ọkọ ni wọ́n sì kọ sára ògiri ẹ̀. Nígbà tí ọkọ kú, òtẹ́ẹ̀lì yẹn nìkan ló kù fún un láyé. Ẹ má tan ara yín o, kì í ṣe bẹ́ẹ̀dì ló ń fa èrò wá síbẹ̀. Ọbẹ̀ ni! Serifat, ọmọ Ọ̀yọ́, ló ń dáná níbẹ̀, òun pẹ̀lú Pius àti Patience. Bí Serifat bá se bàngà, ọbẹ̀ ẹyìn àwọn ará Warri, tó gbé e kalẹ̀ pẹ̀lú sítáàṣì, òkèlè tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe, àwọn àgbà ọkùnrin á máa lá ìka. Ilé-iṣẹ́ kan ní Ekpan tiẹ̀ kó ọgbọ̀n òṣìṣẹ́ wọn wá gbé ibẹ̀. Àwọn ọgbọ̀n yìí ló gbé òtẹ́ẹ̀lì náà ró.

Àmọ́ Ìkúnayọ̀ ní àrùn kan. Kò fẹ́ kí ẹni tó se oúnjẹ jẹ nínú ẹ̀. Ó ní bí wọ́n bá ń jẹ àjẹkù, wọ́n á máa mọ̀ọ́mọ̀ sè é pọ̀. Nítorí náà, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, tí àwọn àlejò bá ti jẹ oúnjẹ ọ̀sán tán, á gbé ìgò Izal tí wọ́n fi ń fọ ṣáláńgá, á wọ ilé ìdáná, á sì dà á sínú gbogbo èyí tó kù. Ìrẹsì o, ẹja o, ọbẹ̀ o. Lójú àwọn tó sè é! Ẹ gbà mí, ṣé èèyàn nìyẹn?

Serifat kúnlẹ̀ lọ́jọ́ kan. "Màmá, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nídìí pẹpẹ, ṣebí ìdí pẹpẹ ló ti ń jẹ."

"Pẹpẹ bàbá ẹ ni? Cook full Warri! Ẹni tó bá wù kó máa lọ."

Pius lọ. Kò pé oṣù kan, Patience náà di ẹrù ẹ̀. "Madam, I no be dog," ó ní, "and even dog dey chop remain." Ìkúnayọ̀ rẹ́rìn-ín. Ó gba ẹlòmíì, ìyẹn lo ọjọ́ mẹ́ta péré. Ó tún gba ẹlòmíì, ìyẹn ní òun fẹ́ lọ ra omi, kò padà mọ́. Ọ̀rọ̀ Izal ti tàn káàkiri ìlú, kò sí alásè tó mọṣẹ́ tó fẹ́ gbọ́ orúkọ òtẹ́ẹ̀lì náà sétí. Serifat nìkan ló kù, tó ń ṣe iṣẹ́ ẹni mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ bú u títí pé kí ló ń dúró ṣe níbẹ̀. Ó ní, "Ọkọ ẹ̀ ṣe mí dáadáa nígbà tó wà láyé. Mi ò lè fi opó sílẹ̀ nídìí iná."

Ààwẹ̀ Ràmàdánì wá dé. Serifat ń gbààwẹ̀, ó sì ń dáná fún ọgbọ̀n èèyàn. Kò lè fi ẹnu tọ́ ọbẹ̀ wò, imú ló fi ń mọ̀ bí iyọ̀ bá tó. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ó bu ìrẹsì díẹ̀ àti ègé ẹja kan sínú abọ́, ó dé e, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ìkúnayọ̀ wọlé, ó ṣí i.

"Ta ló ni èyí?"

"Èmi ni, Màmá. Mo fẹ́ fi ṣínu ni. Ẹ ṣàánú mi, láti sààrì ni mi ò ti fẹnu kan nǹkan kan."

"Ilé bàbá ẹ ni kó o ti lọ ṣínu!"

Ló bá da Izal sí i. Serifat wo abọ́ náà títí. Ó tú aṣọ ìdáná tó so mọ́ ìdí, ó ká a dáadáa, ó gbé e sórí tábìlì. "Ó dàbọ̀, Màmá," ló wí, ó sì jáde.

Lọ́jọ́ kejì, Ìkúnayọ̀ fúnra ẹ̀ wọ ilé ìdáná, ẹni tí kò gbé ìkòkò kaná láti ọdún mẹ́wàá! Ìrẹsì jóná, bàngà ṣàn bí omi. Ó wá alásè dé Aladja, dé Ekpan, wọ́n ní àwọn ò ṣe. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, Elijah, olórí àwọn ọgbọ̀n òṣìṣẹ́ tó ń gbé ibẹ̀, gbé báàgì ẹ̀ jáde.

"Madam, no vex. Bed dey everywhere. Na that woman soup carry us come. If she come back, call me."

Gbogbo wọn bá a lọ. Oṣù mẹ́ta gbáko, yàrá ogún ṣófo. Ẹnì kan ti ń wá wo ilé pé òun fẹ́ rà á. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù fún Ìkúnayọ̀: kí Serifat padà.

Ó bá a ní Aladja, nínú ṣọ́ọ̀bù onípákó kan tó ti ń ta oúnjẹ tiẹ̀. Àwọn oníbàárà ti tò síta, ṣùgbọ́n Pius àti Patience, tí wọ́n ti wá ń bá a ṣiṣẹ́, jókòó sórí bẹ́ńṣì, wọ́n ń jẹun ní tiwọn ná. Òfin Serifat nìyẹn: ẹni tó máa dáná á kọ́kọ́ jẹun. Ìkúnayọ̀, ẹni ọgọ́ta ọdún, bá kúnlẹ̀ síwájú ọmọ tó lè bí. Serifat yára gbé e dìde. Ó bomi fún un, ó bu sítáàṣì àti bàngà, ó fi odindi ẹja kan lé e.

"Ẹ jẹun, Màmá. Kò sí Izal níbẹ̀."

Ìkúnayọ̀ bu òkèlè kan. Ó dá a padà sínú abọ́, ó di Serifat lọ́wọ́ mú.

"Ṣé wàá padà, ọmọ mi?"

"Mo ti dárí jì yín látọkàn wá. Ṣùgbọ́n mi ò ní padà."

Ní oṣù yẹn ni òtẹ́ẹ̀lì di ti ẹlòmíì. Lọ́jọ́ tí wọ́n fi ọ̀dà pa orúkọ Zachariah rẹ́ lára ògiri, ìyàwó ẹ̀ dúró sódìkejì títì, ó ń wò wọ́n.

Ẹ̀yin olótẹ́ẹ̀lì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ilé oúnjẹ, ẹ ń pariwo pé alásè ò sí mọ́, pé wọn kì í pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Kí lẹ fi ń dá wọn dúró? Ọwọ́ tó ń bọ́ àlejò yín, ẹ má fi ebi pa á. Ẹ ṣọ́ra o, kí ojúkòkòrò má sọ ilé yín di ahoro. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó yẹ kó gbọ́, kó tó pẹ́ jù.

Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.