Fáìlì Tí Fadérẹ́rà Ṣí Sílẹ̀

Ìdájí ọ̀la ni ọkọ̀ yóò gbé oògùn ibà àwọn ọmọdé lọ sí àwọn abúlé, ṣùgbọ́n kò ní gbéra bí Adéwùsì ò bá tíì kó fáìlì iye oògùn tí gbogbo ilé ìwòsàn ibẹ̀ fẹ́ pọ̀ di ọ̀kan. Ó ti kọ mákírò, ètò kékeré tí ń ṣí àwọn fáìlì náà lọ́kọ̀ọ̀kan, tó sì ń kó ohun inú wọn jọ. Ilẹ̀ ṣú bá òun nìkan lọ́fíìsì.

Lójijì, mákírò dúró. Kọ̀ǹpútà ní Fadérẹ́rà ló ṣí fáìlì tó kàn sílẹ̀, àfi kó pa á dé kí ẹlòmíràn tó lè lò ó.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n sin Fadérẹ́rà, obìnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Bàtà tó máa ń bọ́ sábẹ́ tábìlì ṣì wà ní yàrá kejì tó ti máa ń ṣiṣẹ́. Adéwùsì ò sunkún níbi ìsìnkú, ẹ̀rù ò sì bà á báyìí. Ara rẹ̀ kàn kú tipiri.

Bàbá tó ń ṣọ́ géètì yọjú lójú fèrèsé. "Ọmọ yunifásítì, ṣé kọ̀ǹpútà lo fẹ́ fi ṣaya ni?"

"Ó kù díẹ̀, Bàbá."

Bàbá rẹ́rìn-ín, ó lọ.

Bí fáìlì bá há báyìí, ńṣe ni wọ́n máa ń ké sí ẹni tó ṣí i láti orí àga. Ó ti mọ́ Adéwùsì lẹ́nu.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pa á dé."

Nínú òkùnkùn yàrá kejì, àga kan dún.

"Má bínú, àbúrò mi. Mo gbàgbé ni."

Mákírò gbéra, ó kó fáìlì tó kù jọ tán.

"Ẹ ṣé, mà," ni Adéwùsì wí, kó tó rántí.

Ó wá ń gbọ́ tí ẹsẹ̀ ń wá bàtà lábẹ́ tábìlì.